Ìyàwó Tó Ń Kọ́ṣẹ́

“Ìyá Ìbejì, ó yá, bọ́ síbí!” Ọkọ rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ sílẹ̀ dè é. Ó yíjú sí àwọn èrò, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ má bínú o. Tí a bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yìí, mo máa ń jẹ́ kí ìyàwó mi fi kọ́ṣẹ́ díẹ̀.”

Orí òkè tó ga jù nínú igbó ìjọba ni wọ́n wà. Kùrukùru tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀ wọn. Tọkọtaya tuntun tó wà lẹ́yìn ń ya fọ́tò. Ìyá àgbà kan, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ń wo Ìyá Ìbejì tó jókòó níwájú bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ àga.

“Ìgbà wo lo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́, ọmọ mi?”

“Ó ti pẹ́, mà. Àwọn ọmọ mi ò tíì wọ iléèwé nígbà yẹn. Wọ́n ti wà ní yunifásítì báyìí.”

“Háà! Ọkọ̀ lò ń kọ́ ni àbí iṣẹ́ dókítà?”

Èrò rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín jù.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé bíréèkì já mọ́ ọkùnrin yìí lọ́wọ́ níbí lọ́jọ́ òjò kan. Àpáta ló gba ọkọ̀ dúró. Kò sẹ́ni tó kú, àmọ́ ọkàn tó fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kú síbẹ̀. Tó bá ń gòkè, ewúrẹ́ ò tó bẹ́ẹ̀. Kí imú bọ́ọ̀sì ṣáà ti dorí kodò, òógùn á bò ó. Ìyàwó ló ń gba sítíárì. Síbẹ̀, ọkọ ni wọ́n ń pè ní Ọba Òkè ní gáréèjì. Ọba tí kò lè dá sọ̀ kalẹ̀!

Lánàá, ọ̀gá tó ni ọkọ̀ ń wá ẹni tó máa wa bọ́ọ̀sì tuntun, ó sì bi ọkọ bóyá ìyàwó rẹ̀ lè wà á. Lójú Ìyá Ìbejì báyìí ni ọkọ rẹ̀ ṣe dáhùn pé, “Ìyàwó mi kẹ̀? Ó ṣì ń kọ́ṣẹ́, sà.” Láti ìgbà náà ni inú obìnrin náà ti kú tipiri, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́ jù. Ó wá ìbínú títí, kò rí i.

“Mi ò wà á lónìí,” ni Ìyá Ìbejì sọ. “Kí ọ̀gá máa wà á, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wòran.”

Ọkọ rẹ̀ sún mọ́ fèrèsé, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Níwájú èrò? Jọ̀ọ́.”

“Ṣebí níwájú ọ̀gá lo ti sọ tìẹ.”

Ọkùnrin náà wọlé, ó ṣáná sọ́kọ̀. Ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kò fẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dé kọ́nà kejì, òórùn ohun tó ń jó ti gba inú ọkọ̀.

“Dẹ́rẹ́bà, kí ló ń jó?” Ìyá nọ́ọ̀sì ti di àga mú.

Ọkùnrin náà dúró lẹ́bàá òkúta. Ó yọwọ́ kúrò lórí sítíárì.

“Mi ò lè ṣe é,” ló sọ. “Ẹ̀rù ń bà mí. Ìyàwó mi ló ń gbé gbogbo èrò mi sọ̀ kalẹ̀ látọjọ́ yìí.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì dúró kí inú òun dùn. Inú náà ò dùn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba iwájú ọkọ̀ yí po.

“Sún. Ẹ jẹ́ kí bíréèkì tutù ná.”

Nígbà tó tutù, ó fi í sí jíà kejì, ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa dín eré ọkọ̀ kù dípò bíréèkì, kọ́nà lẹ́yìn kọ́nà. Tọkọtaya tuntun náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò.

“Ọmọ mi,” ni ìyá nọ́ọ̀sì wí, “ta ni yóò wá dá ẹ sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ yìí?”

“Mo ti dá ara mi sílẹ̀, mà.”

Igi ńlá kan wà lẹ́yìn ẹnubodè igbó. Ibẹ̀ ni Ìyá Ìbejì àti ọkọ rẹ̀ ti máa ń pààrọ̀ ìjókòó, kí ará gáréèjì lè bá Ọba Òkè nídìí sítíárì. Igi náà yọ, bọ́ọ̀sì sì kọjá rẹ̀.

“Ìyá Ìbejì, a ti kọjá ibẹ̀,” ni ọkọ rẹ̀ sọ.

“Mo rí i.”

Ó yí jíà sí ẹ̀kẹta. Gáréèjì yọ níwájú, àwọn awakọ̀ wà lórí ìdúró, ọ̀gá tó ni ọkọ̀ sì wà láàárín wọn.