Ẹ̀jẹ́ Jẹ́fútà Ní Pálọ̀ Wa

Àpótí yẹn ni mi ò fẹ́ fojú rí. Olúbọ̀dé ọkọ mi ló rà á, àpótí aláwọ̀ búlúù tó ní táyà nídìí. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀, ó ní kí n máa kó ẹrù Moyọ̀sọ́rẹ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ní ọwọ́ tèmi kọ́ ló máa kó o. Ó ní kí n fi sùúrù ṣe é. Sùúrù wo? Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, tó ti wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, tó ń kọ́ iṣẹ́ apoògùn, ni ẹ fẹ́ yọ kúrò níléèwé kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọgbà àwọn míṣọ́nnárì lókè Ọya, ẹ tún wá ní kí n fi sùúrù ká aṣọ rẹ̀. Inú mi máa ń tètè ru, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ti àpótí yìí síwájú ìyá ọmọ èyíkéyìí, kí ẹ wá wo ohun tó máa ṣe.

Ibi tọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Iṣẹ́ ìjọba rán Olúbọ̀dé lọ sí Àkúrẹ́. Nígbà tó ń padà bọ̀ sí Bìní, wọ́n ti kọjá Ọ̀wọ̀ dáadáa nígbà tí àwọn oníbọn dá ọkọ̀ wọn dúró, tí wọ́n kó gbogbo wọn wọ igbó. Mo sunkún tọ̀sán tòru. Àwọn ọdẹ ìbílẹ̀ ló lé àwọn ẹni ibi náà tí wọ́n fi sá fi wọ́n sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni ọkọ mi yọ sí wa nílé wa ní Ogbe, bàtà ẹsẹ̀ kan, àpá okùn lọ́rùn ọwọ́ méjèèjì. A dúpẹ́, a jó, mo rò pé ó parí síbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó ti la ẹnu nínú igbó.

Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, ìbọn sì wà ní ìpàkọ́ rẹ̀, ló bá sọ fún Ọlọ́run pé bí Ó bá lè mú òun délé, ọmọ òun di ti Olúwa, iṣẹ́ Olúwa nìkan ni yóò máa ṣe títí ayé rẹ̀. Pásítọ̀ Akíntúndé ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún kó tó sọ ọ́ fún mi. Pásítọ̀ ní a kì í fi ẹ̀jẹ́ ṣeré. Nínú ìjọ àwa Yorùbá tó wà ní Bìní níbí, ọjọ́ ìsìn Ìkórè ni a máa ń san ẹ̀jẹ́, lójú gbogbo ìjọ. Wọ́n á pe orúkọ rẹ, o ó bọ́ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú ohun tí o ṣèlérí. Ẹlòmíì á mú ewúrẹ́ wá, ẹlòmíì á mú àga wá fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ tèmi fẹ́ mú ọmọ wá.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ọmọ náà ò jiyàn. Ó ti Ekosodin, níbi tó ń gbé pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wá kí wa. Bàbá rẹ̀ jókòó, ó ṣàlàyé. Moyọ̀ wo àpá okùn yẹn fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Okay, Daddy.” Mo sáré tẹ̀ lé e wọ ilé ìdáná.

“Ṣé o fẹ́ lọ ni?”

“Mummy, if I no go, and dem catch am again nko?”

Bìní la bí i sí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń dá wa lóhùn. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí a bá fi Yorùbá sọ, ṣùgbọ́n kò ní fi dáhùn. Lẹ́yìn ìbéèrè rẹ̀ yẹn, mo yíjú síbi abọ́. Mo kàn ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí náà ló bí Ẹgbẹ́ Òǹkàwé wa. Dókítà Oyèbọ́lá, olùkọ́ yunifásítì, ló dá a sílẹ̀. Màmá yẹn ní àwọn ọmọ wa ò ní gbàgbé èdè lójú òun. Ó ń wá ìwé ìtàn àròsọ tí wọ́n fi àwọn ènìyàn inú Bíbélì kọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, a máa ń kà á sókè láti ilé dé ilé. Bí a ṣe ń kà á ni pé a máa ń pín ẹnu: ẹnì kan á ka ti ọba, ẹnì kan á ka ti wòlíì, àwọn ọmọ náà á ní tiwọn. Ilé tó bá gbà wá lálejò ló máa ń ka àwọn ẹni pàtàkì.

Ìwé tó wà lọ́wọ́ wa nígbà náà jẹ́ ti Jẹ́fútà, jagunjagun tó ṣèlérí fún Ọlọ́run pé ohun tó bá kọ́kọ́ jáde wá pàdé òun nílé ni òun máa fi rúbọ, tó wá jẹ́ pé ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló jó jáde. A ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé Olúbọ̀dé. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ ọ́n kọ, kí n sọ òótọ́. Bíbélì ò tiẹ̀ sọ fún wa pé Jẹ́fútà níyàwó. Òǹkọ̀wé yìí fún un ní ìyàwó, ó sọ ọ́ ní Ádínà, ó jẹ́ kí a máa gbóòórùn ọbẹ̀ tó ń sè. Mo ti fẹ́ràn obìnrin náà kí ọ̀rọ̀ tó di tèmi.

Àfi bí orí ìkẹyìn ìwé ṣe bọ́ sí ilé wa, ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú Ìkórè gan-an. Mo ní kí a gbé e fún ilé ẹlòmíì.

“Kò síbi tó ń lọ,” Olúbọ̀dé wí. “Èmi ni Jẹ́fútà. Moyọ̀ ni ọmọ. Kó fẹnu ara rẹ̀ kà á, kó rí bí ọmọ ṣe ń gbọ́ràn.”

“Ta wá ni ìyàwó?”

“Ta ni ò bá tún jẹ́, bí kì í ṣe ìwọ?”

Mo gbé ẹnu mi dákẹ́. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé ìgbà tí mo bá dákẹ́ ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rù mi.

Lọ́jọ́ náà, òjò ń rọ̀. Pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ti dé, Dókítà Oyèbọ́lá ti dé, àwọn ará ìjọ bíi mélòó kan kún un, a to àga onírọ́bà yí pálọ̀ ká. Mo ti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà ní Santana Market, mo sun bọ̀ọ̀lì sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Àpótí búlúù wà láàárín wa. Gbogbo wọn ló rí i, kò sí ẹni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Olúbọ̀dé bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi lóhùn. Tó bá ń kàwé, ẹ máa rò pé rédíò ni. Ó ka bí ogun ṣe tán, bí Jẹ́fútà ṣe ń bọ̀ lójú ọ̀nà ilé, bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí tí ọmọ jó jáde. Ó wá gbójú sókè, Moyọ̀ ló tẹjú mọ́.

“Yéè, ọmọ mi, èéṣe tó fi jẹ́ ìwọ? Mo ti ṣèlérí fún Olúwa. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi, kò ṣeé kó padà.”

“Haleluya,” Pásítọ̀ wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ó kàn mí. Mo wo ojú ìwé. Ẹ gbọ́ ohun tí òǹkọ̀wé ní kí Ádínà ṣe: ó ní ó ṣubú lulẹ̀, ó sunkún, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó parí. Obìnrin tó ti ń sọ̀rọ̀ láti orí kìíní, tó ń bá ọkọ jà nítorí iyọ̀ ọbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pa ọmọ rẹ̀ ni kò rí ọ̀rọ̀ sọ! Mo fi ìka sórí ìlà náà, bí ẹni tó ń kà á.

“Olówó orí mi,” mo ní, “ẹnu ta ni ẹ fi jẹ́ ẹ̀jẹ́ yìí?”

Olúbọ̀dé wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣí ojú ewé kan síwájú, ó tún ṣí i padà. Àwọn tó ní ìwé lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Dókítà Oyèbọ́lá wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀, ó da ìwé tirẹ̀ dé sórí orúnkún. “Ẹ máa kà á lọ,” ó wí.

“Ẹnu yín ni,” mo ní. “Ẹ̀yin lẹ wà lórí ìkúnlẹ̀. Ọmọ yìí ò sí níbẹ̀. Ó wà nílé, ó ń sunkún yín, kò lè jẹun. Ẹnu yín lẹ fi jẹ́ ẹ. Ara ta ni ẹ fẹ́ fi san án?”

“Ìyá Moyọ̀,” Pásítọ̀ wí, “ojú ewé wo nìyẹn?”

“Pásítọ̀, ẹ jẹ́ kí Jẹ́fútà dáhùn,” Dókítà wí.

Òjò ń lu páànù. Mo rò pé Olúbọ̀dé máa ju ìwé mọ́lẹ̀ ni, pé ó máa dójú tì mí lójú àwọn èèyàn, mo sì ti múra sílẹ̀ fún un. Kò ju nǹkan kan. Ó ń fi ọwọ́ kan ra àpá tó wà lọ́rùn ọwọ́ kejì.

“Ìbọn wà ní ìpàkọ́ mi,” ó ní.

Jẹ́fútà ò rí ìbọn rí láyé rẹ̀. Kò sí ẹni tó tún ń wo ìwé mọ́.

“Ẹ̀rù bà mí. Mo ń wá nínú gbogbo ohun tí mo ní, mo ń wá èyí tó tóbi jù tí mo lè fún Un. Moyọ̀ ni mo rí. Títí, ìyàwó mi, bí mi ò bá san án, wọ́n á tún gbé mi. Mo mọ̀ ọ́n. Lójoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn.”

Kò tíì sọ ìyẹn fún mi rí. Ìbínú mi fẹ́ yọ́, mo sì dì í mú, torí mo ṣì nílò rẹ̀.

“Ó kan ọmọ,” Dókítà wí jẹ́jẹ́.

Mo mọ ohun tó wà nínú ìwé níbẹ̀. Ọmọ náà gbà. Ó ní kí bàbá òun ṣe òun bó ti wí. Bí Moyọ̀ bá ka ìlà yẹn tán lójú Pásítọ̀, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, kò sí ohun tí ẹnu mi lè ṣe mọ́. Ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. “Bàbá mi… ẹ… ṣe mí…” Ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. “Bàbá mi, ẹ ṣe…” Ó tún dúró. Ó wá gbé ìwé náà lé orí àpótí búlúù.

“Dádì, mi ò fẹ́ lọ.”

Yorùbá ló fi sọ ọ́. Ahọ́n rẹ̀ wúwo, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà pé. “Mo fẹ́ parí ìwé mi. Mò ń bẹ̀rù kí wọ́n má pa yín, torí rẹ̀ ni mo ṣe ní mo gbà. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ lọ. Ẹ má bínú.”

Olúbọ̀dé wò ó títí. Ó pa ìwé dé, ó dìde, ó wọ yàrá. Bí a ò ṣe parí orí ìkẹyìn nìyẹn. Nígbà tí Pásítọ̀ ń ṣí agbòjò lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ìyá Moyọ̀, lọ́jọ́ Ìkórè, a máa pe orúkọ ọmọ náà o.”

Odindi ọ̀sẹ̀ yẹn, ọkọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń jẹun, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń padà wálé. Àpótí ò kúrò níbi tó wà. Tí mo bá kí i, á dáhùn “ẹn”, ó tán. Mi ò mọ̀ bóyá mo ti gba ọmọ mi sílẹ̀ ni àbí mo ti bà á jẹ́ pátápátá.

Ọjọ́ Ìkórè dé. Wọ́n ti so ìrèké mọ́ òpó ṣọ́ọ̀ṣì, iṣu àti ọsàn wà níwájú pẹpẹ. Pásítọ̀ ń pe àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́. Ó kan tiwa. “Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ Arákùnrin Olúbọ̀dé!” Mo gbá ọwọ́ ọmọ mi mú. Mo ti pinnu pé bí wọ́n bá máa fà á, kí wọ́n fà wá pọ̀. Olúbọ̀dé dìde. Ó na ọwọ́ sí ọ̀dọ̀ wa, mo sì fẹ́ pariwo. Fìlà rẹ̀ ló bọ́ fún mi kí n bá òun mú un. Òun nìkan ló lọ.

“Pásítọ̀,” ó ní, “ẹ pa orúkọ tí ẹ pè yẹn rẹ́. Èmi ni mo jẹ́jẹ̀ẹ́. Ìyàwó mi bi mí ní ìbéèrè kan lójú yín, mi ò dá a lóhùn. Ara tèmi ni mo máa fi san án.”

Ó kúnlẹ̀. Ó ní òun ti kọ̀wé fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ó ní ọgbà àwọn míṣọ́nnárì yẹn nílò ẹni tó máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà, òun sì mọ̀wé kà. Pásítọ̀ dúró, ó wò ó, ó gbọ́wọ́ lé e lórí. Gbogbo ìjọ pariwo haleluya. Moyọ̀ gbé orí lé èjìká mi, ó ń sunkún. Èmi dúró pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Ta ló ní kó lọ? Ohun tí mo fẹ́ ni kó fi ọmọ sílẹ̀, kí gbogbo wa padà sílé lọ jẹun! Mo bi í ní ìbéèrè lójú èèyàn, ó dá mi lóhùn lójú èèyàn, kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ́ àpótí búlúù yẹn lọ sí yàrá, mo ṣí i. Mo ká ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ mi, mo ká ṣòkòtò, mo fi súwẹ́tà sí i nítorí òtútù òkè Ọya. Ó wá jókòó létí bẹ́ẹ̀dì.

“Títí, ṣé ò ń bínú ni?”

“Mò ń bínú gan-an ni.”

Ó rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tó ti igbó dé, mi ò tíì rí ẹ̀rín yẹn. Ó ní lánàá, òun sùn, òun ò gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Mo yíjú sí ògiri kó má rí ojú mi, mo ń bá aṣọ lọ.

Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ ń lọ, Moyọ̀ ló wọ́ àpótí náà lọ sídìí ọkọ̀. Ó gbìyànjú láti gbé e, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

“Mọ́mì, ó wúwo o.”

Mo ní mo mọ̀, èmi ni mo kó o.