Ẹsẹ̀ Tí Kò Mutí

Òòyà tún bọ́ lọ́wọ́ onídìrí. Oníbàárà tó jókòó síwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa òòyà náà nílẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. Irun ti dé ìdajì orí, ṣùgbọ́n ilà tó yẹ kó gún ti wọ́ bí ipa ejò. Onídìrí rí i. Ojú rẹ̀ ríran, ọkàn rẹ̀ mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ìka nìkan ni kò gbọ́ràn. Kò dùn ún. Ńṣe ló dà bíi pé ó wọ ìbọ̀wọ́ nínípọn. Nígbà tó ṣe, oníbàárà náà fi ìborùn bo orí, ó ní òun á padà wá. Kò padà wá.

Ọwọ́ ló bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Bó bá fẹ́ dìde, àfi kó kọ́kọ́ di ògiri mú. Lójú pópó, ó ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n.

Ọdún tó kọjá ni ọkọ rẹ̀ kú, tó fi ilé kan àti ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú rẹ̀ sílẹ̀. Àbúrò ọkọ náà, tí àwọn ọmọ onídìrí ń pè ní Bàbá Kékeré, ti ń wo ilé yìí tipẹ́ bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Kò bá ìjà wá. Àánú ló gbé wá. Ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí kan dé òmíràn, ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ọ̀fọ̀ ti sọ ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun di ọ̀mùtí, pé kí wọ́n má pariwo, kí wọ́n sáà bá òun ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí ẹnìkan ní òun ò rí ìgò ọtí kankan nílé náà rí, ó ní ọgbọ́n ọ̀mùtí nìyẹn.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà fi òòlù kékeré lu orúnkún onídìrí, ẹsẹ̀ náà sì ta sókè bí ẹsẹ̀ ẹṣin. Wọ́n ya àwòrán ọrùn rẹ̀.

“Iṣan tó so eegun ọrùn yín pọ̀ ló ń le, tó ń di eegun,” ni dókítà wí. “Ó ń fún okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Iṣẹ́ abẹ la lè fi tú u sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Èyí tó bá ti kú níbẹ̀, a ò lè jí i.”

Ó ní kó mú ẹbí kan wá tí yóò dúró fún un, tí yóò fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ náà. Bàbá Kékeré ló yẹ kó dúró. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó mi orí, kò fọwọ́ sí ìwé kankan, ó sì pe ìpàdé ẹbí.

Pálọ̀ kún. Ìyá ọkọ, tó ń bá onídìrí sùn ní yàrá kan náà látìgbà tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀, jókòó ti Bàbá Kékeré, ọmọ rẹ̀.

“Ìyàwó wa,” ni Bàbá Kékeré wí, “ẹ dákun, ẹ rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, ká rí yín.”

Onídìrí wo ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá arúgbó náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Onídìrí rìn. Láàárín pálọ̀, orúnkún yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀; ó na ọwọ́ sí àga, ìka ò gbá a mú, ó ṣubú lu tábìlì. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì fi ikọ́ bò ó. Àgbà kan níbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ti parí, ojú ti rí i.

Wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sílé Bàbá Kékeré kí wọ́n má baà kọ́ ìwàkiwà. Ìyàwó rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó ń ta bàtà níbẹ̀. Ìyá ọkọ kó kúrò ní yàrá onídìrí, ó gba yàrá iwájú tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé dáadáa. Onídìrí ń fara ti ògiri lọ sí ilé ìwòsàn lóun nìkan, wọ́n sì ń bi í pé ẹbí rẹ̀ dà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó yọ̀ ní balùwẹ̀. Ìṣubú náà ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n láti ọrùn lọ sísàlẹ̀, kò sí ohun tó dá a lóhùn mọ́.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ náà, láìbéèrè ẹbí kankan. Dókítà sọ fún ìyá ọkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ náà ò ní padà.

Bàbá Kékeré kó mọ̀lẹ́bí wá kí aláìsàn. Ó gbàdúrà kí Ọlọ́run ṣàánú ẹni tí ọtí bá bà jẹ́. Ìyá tó ń fi ṣíbí bu tíì sí onídìrí lẹ́nu dáwọ́ dúró.

“Kò mutí rí,” ló wí. “Èmi àti ẹ̀ la jọ ń sùn, la jọ ń jí. Kò mutí rí.”

Ọmọ rẹ̀ ò bínú. Ohùn rẹ̀ tutù.

“Màmá, ẹ̀gbẹ́ mi lẹ jókòó sí lọ́jọ́ ìpàdé. Kí ló dé tẹ́ ò sọ ọ́?”

Gbogbo wọn yíjú sí Ìyá, wọ́n ń retí ohun tó máa sọ. Eṣinṣin kan bà sí iwájú orí onídìrí, ó ń rìn bọ̀ lẹ́bàá ojú rẹ̀. Onídìrí ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú. Kò sẹ́ni tó bá a lé e.