Iná Iwájú Fọ́tò Bàbá Mopẹ́

Omi ti kún pálọ̀ dé orókùn Ìbídùn, síbẹ̀ ìró ìdí rẹ̀ kò rin. Àga wà ní ipò wọn, kàlẹ́ńdà ìjọ sì ń mì jẹ́jẹ́ lára ògiri. Ìmọ́lẹ̀ ló ba obìnrin náà lẹ́rù. Ó ń ti òkè wá, ó ń ti ilẹ̀ wá, ó ń ti ẹ̀yìn àga yọ. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kò rí òjìji kankan. Ó sá lọ sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn fíríìjì, ìmọ́lẹ̀ ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó fẹ́ fi gèlè bojú, gèlè di gíláàsì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń forí gbá ògiri tí kò rí.

Ó mọ̀ pé àlá ni. Orí àga ni oorun ọ̀sán ti gbé e, kò sì jẹ̀bi: ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé tí Bàbá Mopẹ́, ọkọ rẹ̀, ti kú, kò tíì sun oorun àsùnwọra kan. Ìyá Ìjẹ̀mọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló pàṣẹ pé iná kò gbọdọ̀ kú níwájú fọ́tò olóògbé títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé, kí ẹni tó lọ má baà ṣìnà. Fìtílà ni àwọn àgbà ń tàn láyé ọjọ́un. Ìyá Ìjẹ̀mọ̀ ra gílóòbù funfun kan tó ń gba iná pamọ́, èyí tí kì í kú bí wọ́n tilẹ̀ mú iná lọ. Ó gbé e sórí tábìlì gígùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò. Orí tábìlì yẹn náà ni àpótí gíláàsì ẹja Bàbá Mopẹ́ wà.

Ẹja kan ṣoṣo ni, ó pupa, lẹbẹ rẹ̀ ń wọ́ bí agbádá, ìdí tí bàbá fi sọ ọ́ ní Olóyè nìyẹn. Láti ìgbà ìsìnkú ni Olóyè kò ti jẹun dáadáa mọ́. Á sá sẹ́yìn òkúta, á já jáde, á forí sọ gíláàsì. Ìpẹ́ ti bó lára rẹ̀ lápá òsì. Ìbídùn pààrọ̀ omi, ó lé àwọn ọmọ tí ń fi ìka kan gíláàsì jáde, ó tilẹ̀ ń bẹ ẹja bí ẹni bẹ ọmọ tó ń ṣàìsàn. Pàbó ló já sí. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ṣeé sọ fún ẹnikẹ́ni: bí ẹja yìí bá kú, Bàbá Mopẹ́ kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Ilẹ̀kùn ṣí nínú àlá náà. Bàbá Mopẹ́ wọlé nínú ṣòkòtò ilé rẹ̀ tó ti ṣá, ó ká a dé orókùn bí ẹni tó fẹ́ fọ mọ́tò. Ó fọwọ́ síjú, ó fi oríkì pe ìyàwó rẹ̀.

“Àníkẹ́, iná yìí pọ̀.”

“Ẹ kú àbọ̀.” Ìbídùn kò mọ ohun tí à ń kí ẹni tó ti ibẹ̀ dé. “Tiyín ni. Ìyá Ìjẹ̀mọ̀ ní kí ẹ lè rí ọ̀nà.”

“Mo ti rí ọ̀nà, mo sì ti dé. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé mo ṣì jẹ́ ọmọ ọdún méje tó ń bẹ̀rù ẹ̀yìnkùlé.”

Ìbídùn fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. “Olóyè ń kú lọ. N kò mọ ohun tí mo fi ṣe é.”

“Ẹja kò ní ìpéǹpéjú, Àníkẹ́. Kò lè pa ojú dé. Àwa là ń mú kí ilẹ̀ ṣú fún un.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn tábìlì, ó fa aṣọ kan yọ. Àdìrẹ Ìbídùn ni, èyí tó wá títí lọ́dún méjì sẹ́yìn, tó sì tìtorí rẹ̀ yan alágbàfọ̀ lódì. Bàbá Mopẹ́ tẹ́ ẹ lé àpótí náà láti ẹ̀gbẹ́ kan, díẹ̀díẹ̀, kí ẹja lè rí òkùnkùn tó ń bọ̀, kó má baà ta gìrì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e. Omi inú pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

“Ẹ̀yin lẹ jí aṣọ mi.”

“Mo yá a ni. Wàá ti sùn kí n tó fi bò ó, màá sì ti ṣí i kí o tó jí. Ká ní mo tọrọ rẹ̀, ṣé o máa fún mi?”

Kò ní fún un, àwọn méjèèjì sì mọ̀.

“Lọ sùn,” ni ọkọ rẹ̀ wí, ó sì na ọwọ́ sí gílóòbù.

Ó jí. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lójú fèrèsé, gílóòbù ń tàn, Olóyè ń forí sọ gíláàsì. Ìbídùn kúnlẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn tábìlì. Eruku ló kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ kan aṣọ. Wọ́n ká a dáadáa, ó ń rùn bí oúnjẹ ẹja. Ó gbé e mọ́ àyà, ó sunkún bí kò ṣe sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú, nígbà tí gbogbo èèyàn ń wo ojú rẹ̀.

Ó fa kọ́tìnnì fèrèsé dé, ó tẹ́ àdìrẹ náà láti ẹ̀gbẹ́ kan, díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ gílóòbù ń la aṣọ kọjá, ẹja kò sì dákẹ́. Ó ku ọjọ́ méje kí ogójì pé. Opó tó bá pa iná ọkọ rẹ̀, ohun tí ẹbí máa sọ kò ṣeé gbọ́. Ìbídùn dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Níkẹyìn, ó pa gílóòbù náà.

Ẹja forí sọ gíláàsì lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò forí sọ ọ́ mọ́. Ẹ̀rù ba Ìbídùn, ó ṣí etí aṣọ: Olóyè dúró sójú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, ó ń mí jẹ́jẹ́.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Ìjẹ̀mọ̀ wọlé. “Ta ló pa iná ọmọ ìyá mi?”

“Bàbá Mopẹ́ fúnra wọn ni, Ìyá mi. Mo lá àlá wọn. Wọ́n ní àwọn ti dé. Wọ́n ní ẹ rò pé àwọn ṣì jẹ́ ọmọ ọdún méje tó ń bẹ̀rù ẹ̀yìnkùlé.”

Ìyá náà di ilẹ̀kùn mú. “Ta ló sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé fún ọ?”

“Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí.”

Ìyá Ìjẹ̀mọ̀ wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn. “Èmi ni mo máa ń gbé fìtílà tẹ̀lé e lọ síbẹ̀,” ni ó wí.

Kò tan iná náà mọ́. Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti àga, kò sì pẹ́ tí Ìbídùn fi gbọ́ tí ó ń hanrun.