Alùpùpù Bàbá Lórí Tábìlì Mi

Kò há. Mo ní kò há síbẹ̀! Èyí tó gùn ni ibẹ̀ ń fẹ́, kì í ṣe pẹlẹbẹ yìí — rọra, Àtọ́kẹ́, o ti kán ọ̀kan. Kó kán! Ṣé èmi ni mo rà á ni? Bọ̀dá Yésúfù ló fi bíríkì ìṣeré ránṣẹ́ sí ọmọ mi láti Àpápá, odindi páálí, àwòrán ilé lára rẹ̀. "Ẹ bá mi sọ fún Àtọ́kẹ́ pé mò ń bọ̀ ní Sátidé. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ṣáà ni wá." Ẹ̀jẹ̀ kan náà! Ojú ò tiẹ̀ tì í. Ọmọ bàbá mi ni, kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Ìyá tiẹ̀ ni ìyáálé.

Mi ò kọ́ ilé kankan fún un. Alùpùpù Bàbá ni mò ń kọ́. Tó bá wọlé lónìí, òun ni yóò kọ́kọ́ rí. Mi ò ní kúnlẹ̀. Kò ní rí omi mu. Kó wò ó, kó rántí ohun tó ṣe, kó máa padà síbi tó ti wá... ó tán nìyẹn. Tí mo bá kú, kó má wá síbi òkú mi.

"Ìdí-igi la ó fi pín in." Ohun tí àwọn àgbà sọ nìyẹn ní Ìkàrẹ́ lẹ́yìn ikú Bàbá: ìyàwó kọ̀ọ̀kan àtàwọn ọmọ rẹ̀, ìpín kan. Ìdí-igi ìyá wọn mú alùpùpù, tiwa mú ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò lè rán nǹkan kan. Ṣé mo jà? Mi ò jà. Àmọ́ oṣù yẹn ò tíì parí tí Bọ̀dá fi tà á fáwọn onírin àlòkù. Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe tú u, táyà lọ́tọ̀, táńkì lọ́tọ̀. Táńkì tí mo máa ń jókòó lé! "Irin lásán ni, Àtọ́kẹ́. Jẹ́ n sinmi." Irin lásán. Olóríburúkú.

Ó dáa... ọwọ́ rẹ̀ nìyí, dúdú. Iná iwájú, funfun. Aago tó ń ka eré, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè — mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Bàbá á gbé mi ka orí táńkì, apá rẹ̀ á yí mi ká. "Àtọ́kẹ́ mi, dì í mú o." Pupa ni táńkì. Pupa kò pọ̀ nínú páálí yìí, àfi èyí tí ọmọ mi fi ṣe òrùlé ilé lánàá. Mo tú òrùlé náà. Kí ilé wọn máa jò!

Ìyá Susanna ti ń gún ata ní pásééjì, tábìlì ń mì. Gbogbo ayálégbé Ẹ̀gbẹ́dá ló fẹ́ pa mí lónìí.

Ó ku ẹ̀yìn. Iná ẹ̀yìn... ẹyọ kan ni àbí méjì? Ṣé ó rí roboto? Nọ́ńbà ńkọ́, òkè iná ni àbí ìsàlẹ̀? Irin ìgbẹ́rù — ó ní in. Àbí kò ní? Mo fi roboto sí i. Irọ́ ni. Mo fi onígun mẹ́rin sí i. Irọ́ náà ni. Ẹ gbà mí! Alùpùpù tí mo gùn títí mo fi ka ìwé mẹ́fà jáde, mi ò mọ ẹ̀yìn rẹ̀?

Bọ̀dá á mọ̀. Tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, á ní, "Iná yẹn kọ́." Á sì tọ̀nà, ìyẹn ló ń dùn mí. Báwo ló ṣe máa wá mọ̀ ọ́n? Kò gùn ún rí, òun tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló fi ń... ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Iléèwé kan náà. Ọ̀nà kan náà. "Yésúfù, ìwọ ti dàgbà, máa tẹ̀lé wa bọ̀." Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀. Àràárọ̀ ni Bàbá ń sọ bẹ́ẹ̀.

Mi ò bojú wẹ̀yìn rí. Kí ni mo fẹ́ wò?

Inú ṣì ń bí mi, Ọlọ́run ń gbọ́. Àmọ́ tí mo bá fẹ́ parí nǹkan yìí, àfi kí n bi í léèrè. Òun nìkan ló kù láyé tó mọ̀ ọ́n, torí ẹ̀yìn alùpùpù nìkan ni Bàbá jẹ́ kó rí.