Ẹrù Tó Kọ̀ Tí Kò Sọnù

Wọ́n tún ti gbé e dé. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láti àárọ̀. Mo gbé e sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, mo yí ẹ̀yìn sí i, mo ń rìn lọ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí — mi ò tíì dé ibi òpó iná kejì, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi, pà-pà-pà. Ọmọbìnrin kan ni, aṣọ iléèwé ló wọ̀, ó ń mí gúlegúle, ó fi ọwọ́ méjèèjì na ọ̀rá dúdú náà sí mi bí ẹni ń gbé oúnjẹ fún ọba. Ó tẹríba. Kí ni kí n ṣe? Èmi náà tẹríba. Ó tún tẹríba. Ìkíni ìlú yìí ò lópin. Bí ènìyàn ò bá fúra, ilẹ̀ á ṣú mọ́ ọn nídìí ẹ̀.

Ó ti lọ. Ọ̀rá tún wà lọ́wọ́ mi.

Bó bá jẹ́ Ìkìrun ni, kí n gbé ẹrù kalẹ̀ ní gáréèjì, kí n yíjú wo ẹni tó pè mí... ó tán. Ẹni tó pè mí gan-an lè wà nínú wọn. Ohun tí mo sì gbẹ́kẹ̀ lé nìyẹn. Olè. Mo wọ bàálù, mo tún wọ bàálù, mo wọ ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ mi wú bí iṣu, nítorí pé mo gbà lọ́kàn mi pé ní gbogbo Hakodate, ìlú ńlá létí òkun Japáànù báyìí, ó kéré tán, olè kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ wà. Kò sí. Ìlú wo nìyí?

Kí n sáà lè délé kí n wí pé, Màmá, wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi. Kò ní jẹ́ irọ́ pátápátá. Ẹnìkan gbà á.

Irọ́ ni, ṣá. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Èmi ni mo pa á.

Irọ́ náà ni mò ń wí.

Ta ló tiẹ̀ rán mi? Ọdún méjì ààbọ̀ sẹ́yìn ni Oyèdélé, ọ̀rẹ́ mi láti póòlì, kú sílé ìyá ẹ̀ ní Òkukù. Sátidé kejì lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ kí Màmá ẹ̀. Wọ́n jókòó. Wọn ò sunkún. Súwẹ́tà ọmọ iléèwé ni wọ́n ń hun láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn irin ìhunṣọ méjèèjì kàn sùn sórí ẹsẹ̀ wọn bí ẹni pé àwọn náà ń ṣọ̀fọ̀. Èmi sì ni ẹni tó lè pa òkú lẹ́rìn-ín. Ni ẹnu mi bá là fúnra ẹ̀.

"Màmá, wọ́n ní àwọn rí i o."

"Wọ́n rí ta ni?"

"Oyèdélé. Ní Japáànù. Ìlú etí òkun kan. Wọ́n ní ó ń ta ẹja."

Ojú mi ò yẹ̀. Ojú mi kì í yẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀bùn mi wà. Ó ń ta ẹja! Oyèdélé tí ara ẹ̀ máa ń yún un bó bá rí sáàdìnì lásán. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, Ọlọ́run á mú ẹ, Ayọ̀dèjì. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú irin wọn.

"Ṣé ó sanra?"

Bí wọ́n ṣe bi mí nìyẹn. Ṣé ó sanra. Mo ní ó sanra díẹ̀.

Àkúdàáyà. Ẹni tó kú nílé tó lọ ń gbé ibi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, tó ń jẹ, tó ń ṣiṣẹ́. Pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi wọn sọ fún Màmá pé kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú Bíbélì. Màmá ní ọmọdé ni pásítọ̀, kò tíì sìnkú tó. Láti ọjọ́ náà, ní Sátidé-Sátidé, mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì ní Ìkìrun. Kó tó dé Inísà mo ti ro ìròyìn tuntun, kó tó dé Òkukù èmi fúnra mi ti gbà á gbọ́. Oyèdélé ti ra kẹ̀kẹ́. Oyèdélé ti ń gbọ́ èdè wọn. Oyèdélé ti ń wọ ìbọ̀sẹ̀...

"Ìbọ̀sẹ̀? Oyèdélé? Ibẹ̀ yẹn lo ti ń parọ́."

Ibẹ̀ nìkan. Gbogbo ìyókù, wọ́n gbà á.

Àfi bí Ọlọ́run náà ṣe fẹ́ bá mi ṣàwàdà. Adéìfẹ́ ọmọ mi wọ yunifásítì. Ní Japáànù. Ó ní, "Dádì, ẹ wá sinmi lọ́dọ̀ mi fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wá ṣe arìnrìn-àjò afẹ́." Mo ní ìlú wo? Ó ní Hakodate. Mo ní ṣé kò sí lẹ́bàá omi? "Òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká tán, sà. Ẹja pọ̀ níbẹ̀ gan-an." Ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Màmá gbọ́. Ta ló sọ fún wọn? Èmi ni. Ẹnu mi yìí... Wọn ò yọ̀, wọn ò sunkún. Wọ́n ní, "Dìde, yíjú sí ògiri." Mo yíjú. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ díwọ̀n ẹ̀yìn mi, láti èjìká dé èjìká, díẹ̀díẹ̀. "Ẹ̀yìn rẹ ti gbòòrò bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì." Mo rò pé ọmọ wọn ni wọ́n ń wá lára mi. Mo dúró jẹ́ẹ́ kí wọ́n wá a.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ọ̀rá dúdú nìyí, okùn nìyí, kókó mẹ́ta.

"Má tú u o. Onítọ̀hún ni kó fọwọ́ ara ẹ̀ tú u. Tí o bá sì rí i, má pè é lórúkọ. Bí ará ilé bá ti pè wọ́n lórúkọ, wọ́n á sá lọ síbòmíràn. Gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí o yíjú."

Mo ti gbé e sílẹ̀. Mo ti yíjú. Ìlú yìí ni ò gbà.

Ohun tí mi ò lè sọ fún Adéìfẹ́ ni pé mo ń rí i. Láti ọjọ́ Ajé. Mo mọ̀ pé èmi ni mo dá a sílẹ̀, ẹnu mi ni mo fi mọ ọ́n bí ẹni ń mọ ìkòkò — àmọ́ mo ń rí i. Ní ọjà ẹja, ọrùn gígùn kan láàárín àwọn tó wọ bàtà rọ́bà. Nínú ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń gba àárín ìlú, etí kan. Etí ẹ̀ gan-an, tó yọ síta bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Lánàá mo tẹ̀ lé ọkùnrin kan kọjá ibùdókọ̀ mẹ́ta. Nígbà tó yíjú, ojú ará ìlú yìí ni, ó sì tẹríba. "Dádì, ta lẹ ń wá?" Ilé ìtọ̀, mo ní. "Ó wà lẹ́yìn yín, sà."

Kí ni mo fẹ́ fi rírí ẹ̀ ṣe? Kí n bẹ̀ ẹ́?

Àyà ń dùn mí.

Bí Oyèdélé ṣe sọ ọ́ lórí fóònù nìyẹn. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni. "Ayọ̀dèjì, àyà ń dùn mí. Gbé mọ́tò wá, kó o gbé mi lọ sọ́sípítù." Ṣùgbọ́n Oyèdélé yìí kan náà ti pè mí lọ́dún tó ṣáájú pé ejò ṣán òun, mo wakọ̀ láti Ìkìrun dé Òkukù pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, mo bá a níbi tó ti ń jẹ ẹ̀pà. Èmi náà sì ti ṣe tèmi fún un. Nítorí náà... mo wà ní ọ́fíìsì, inú mi dùn, mo ní, "Kú, jàre. Tètè kú, ká rí ìrẹsì jẹ." Nǹkan kan ń dún lẹ́yìn ohùn ẹ̀, kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí aago ara ògiri. Mo gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ kí n pa fóònù pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀.

Kó tó di aago mẹ́rin, ó ti kú.

Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Àfi òun — òun sì ń ta ẹja.

Rárá. Ó tó gẹ́ẹ́. Òkun ni. Òkun ò ní sáré tẹ̀ lé mi. Mo gun orí ògiri tí wọ́n mọ síbi tí omi ti ń bú, kò sẹ́nì kankan àyàfi bàbá arúgbó kan àti ọ̀pá ìwọ̀ ẹ̀. Atẹ́gùn ń gé mi létí. Mo jù ú. Ó rì, ó léfòó... Ṣé ẹ rí nǹkan? Bàbá yìí ti na ìwọ̀. Ó ń fà á. Ó ń fi ìwọ̀ fa ẹrù mi jáde bí ẹni mú ẹja! Ọ̀rá ti ya. Súwẹ́tà ló so rọ̀ lẹ́nu ìwọ̀, aláwọ̀ ewé, apá méjèèjì ń jo nínú atẹ́gùn.

Ó ń bọ̀. Ó ti fún omi ara ẹ̀ dànù. Ó gbé e lé mi láyà, ó na èjìká súwẹ́tà náà sí èjìká mi, ó wò ó, ó mi orí, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò gbọ́, ó padà sídìí ìwọ̀ ẹ̀.

Ó bá mi mu.

Ẹ dúró ná. Oyèdélé ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá àsíá. Bó bá wọ èyí, apá ẹ̀ á mọ sí ìgúnpá, ikùn á sì gba ẹlòmíràn. Kúkúrú ni mí. Gbàgìdì ni mí. Ẹ̀yìn mi ló gbòòrò bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin tó ti ń hun súwẹ́tà láti ogójì ọdún, ṣé ó lè ṣi ọmọ tó bí wọ̀n ni? Onítọ̀hún ni kó fọwọ́ ara ẹ̀ tú u...

Wọ́n mọ̀. Láti ìgbà wo?

Kẹ́, kẹ́, kẹ́.

Kò sí aago ní pálọ̀ Màmá. Ọdún méjì ààbọ̀ ni mo fi jókòó kọjú sí ògiri yẹn. Kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ obìnrin ló wà níbẹ̀, kò sí aago. Irin ìhunṣọ ni. Wọ́n jókòó ti Oyèdélé lọ́jọ́ yẹn. Oyèdélé kì í sì í gbé fóònù sétí, kó máa pariwo síta lórí sípíkà ni tiẹ̀. Wọ́n gbọ́ ohun tí mo sọ. Wọ́n gbọ́ ọ, irin náà ò sì dúró, nítorí pé àwọn náà rò pé àwa méjèèjì tún ti dé nìyẹn. Àti ẹ̀rín... ẹ̀rín tí mo gbọ́ yẹn, kì í ṣe ẹ̀rín Oyèdélé.

Ẹ̀rín obìnrin ni.

Háà, Màmá.

Sátidé-Sátidé. Mo ń gbé irọ́ lọ fún wọn kí wọ́n má baà mọ ohun tí mo ṣe. Àwọn náà ń gbà á kí n má baà mọ ohun tí àwọn ṣe. Ṣé ó sanra. Èmi gan-an ni wọ́n ń bi bóyá mo ń jẹun.

Mo ti wọ̀ ọ́. Ó tutù bí ikú, omi iyọ̀ ń kán sí bàtà mi. Ọkùnrin kan ń kọjá lọ nísàlẹ̀ ògiri pẹ̀lú kẹ̀kẹ́, ọrùn gígùn, etí yíyọ síta. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò tẹ̀ lé e.

Sátidé tó ń bọ̀, màá wọ bọ́ọ̀sì ní Ìkìrun. Màá dé Inísà, mi ò ní ro ìròyìn kankan.

Mo la ẹnu mi. Oyèdélé, mo ní.

Kò sẹ́ni tó sá lọ.