Òdo Tí Mo Gbàgbé
Bí àwọn tó sá fógun ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní èbúté Ode Ugbo ni mò ń ya fọ́tò wọn, 1 dé 12, tí mo ń kọ orúkọ wọn tẹ̀léra. Mo wá fi Python, èdè kọ̀ǹpútà, kọ ètò tó fi orúkọ kálukú rọ́pò nọ́ńbà fọ́tò rẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ kan tó ń fi fọ́tò náà yẹ̀ wọ́n wò na ìbọn sí bàbá kan. "Orúkọ yín?"

"Kòkúmọ́."

"Irọ́! Godspower ló wà lára fọ́tò yín. Amí ni yín!"

Mo dá sí i. "Gbé ìbọn yẹn sílẹ̀, jàre! Kọ̀ǹpútà to fọ́tò 10 ṣáájú 2, orúkọ wá bọ́ sórí fọ́tò ẹlòmíràn. Èmi ni mi ò kọ 2 ní 02."

"Tún un ṣe níṣojú mi."

Mo fi òdo ṣáájú 1 dé 9, mo tún ètò náà ṣe. Orúkọ Kòkúmọ́ jáde lára fọ́tò bàbá náà. Ìbọn wálẹ̀, ọwọ́ bàbá ṣì wà lókè.