Ìta Ṣọ́ọ̀ṣì La Jókòó Sí

Láti Ọjọ́ Àjíǹde 1986 ni mo ti ń jókòó sínú mọ́tò níta ṣọ́ọ̀ṣì wa ní òpópónà Fondren, lókè òkun níbí. Òfin Aládùúrà ni: obìnrin tó bá rí nǹkan oṣù kò gbọ́dọ̀ wọlé àdúrà títí ọjọ́ méje á fi pé. Tèmi kì í jẹ́ kó pé méje kó tó tún dé. Mo ti lé láàádọ́ta ọdún, ara ń gbóná, òógùn ń bò mí, mi ò sì rí oorun sùn.

Mo bẹ Ìyá Ìjọ, olórí àwa obìnrin, pé kí Dókítà Olúwabùnmi, dókítà àwọn obìnrin, wá bá àwa tí nǹkan oṣù wa ń dáwọ́ dúró sọ̀rọ̀. Háà! Wọ́n bú mi bí ẹni láyin.

“Bísọ́lá, ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́? Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run? Lọ gbààwẹ̀!”

Ìyá Ìjọ ò bímọ rí, gbogbo abiyamọ ni wọ́n sì ń kanra mọ́. Mo kórìíra wọn, mi ò níí purọ́.

Ó dáa. A ó ṣe é níta nìyẹn. Ní Sunday, dókítà dúró ti mọ́tò mi, àwọn obìnrin tó wọ sùtánà funfun ń yọ́ jáde wá bá a. Ni Ìyá Ìjọ bá já síta.

“Ẹ kó ẹ̀gbin yín kúrò níbí! Ta ló nílò dókítà? Ọdún mẹ́fà ni tèmi ti lọ. Oṣù tó kọjá, Ọlọ́run dá a padà, bíi ti Sárà! Màá bímọ, ojú á ti gbogbo yín!”

Àwọn kan kígbe halelúyà. Dókítà ò kígbe. Ó kúnlẹ̀.

“Mà, ẹ̀jẹ̀ tó bá padà lẹ́yìn ọdún mẹ́fà kì í ṣe nǹkan oṣù. Ó lè jẹ́ àìsàn búburú. Ẹ jẹ́ ká tètè yẹ̀ yín wò.”

“Irọ́ ni! Nǹkan oṣù ni!”

Inú mi dùn, kí Ọlọ́run má bínú. Mo ní, “Tó bá jẹ́ nǹkan oṣù ni, kí lẹ wá ń ṣe nínú ilé àdúrà? Ẹ wá jókòó tì wá.”

 Ìyá Ìjọ wo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò wọlé mọ́.

Ní Monday, Ìyá Ìjọ gbà láti lọ fún àyẹ̀wò; èmi náà ni mo fi mọ́tò gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, torí kò sẹ́lòmíì tó ráyè.  Ẹ̀yìn ni wọ́n jókòó sí, bí ẹni pé dírẹ́bà wọn ni mí. Èmi náà fajú ro, mo ń sáré lórí freeway, títì márosẹ̀ ibẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Bísọ́lá.”

“Mà?”

“Mo ti sọ ọmọ náà lórúkọ.”

 Mo kàn rọra dín eré kù.